Ilẹ̀kùn Mẹ́jọ Tí Àwọn Ọmọ Kò Fẹ́ Wọ̀

Ìgò kejì náà dúdú. Màmá Láàbù gbé e sókè sí ojú fèrèsé, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, bí ẹni pé ó ku ibì kan nínú rẹ̀ tí ó ṣì lè mọ́. Kò sí. Láti ìdí ìgò dé ọrùn rẹ̀, omi tí ó fà láti inú kànga ní ìjẹta ti dúdú bí omi èédú. Ó gbé e kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgò àkọ́kọ́, tí òun náà ti dúdú ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ó sì pòṣé tó bẹ́ẹ̀ tí olùkọ́ tí ó wà ní yàrá kejì fi béèrè pé, "Màmá, ta ló tún ṣẹ̀ yín?"

"Omi ni," ó dá a lóhùn.

Àyẹ̀wò náà kò le. Ìyẹ̀fun díẹ̀ wà ní ìdí ìgò. A ó gba omi sí i tààrà láti ẹnu ẹ̀rọ kànga, a ó dé e pa, a ó sì gbé e sí ibi tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ fún ọjọ́ méjì. Bí omi bá mọ́, àwọ̀ rẹ̀ kò ní yí padà. Bí ìgbẹ́ bá ti kàn án, yóò dúdú. Ìgbà mẹ́ta ni ọ́fíìsì omi fún ilé ẹ̀kọ́ náà. Bí ìgò kẹta bá dúdú, wọn yóò yọ ọwọ́ ẹ̀rọ, wọn yóò sì fi ṣẹ́ẹ̀nì de ẹnu kànga. Omi mìíràn tí ó wà nítòsí ni odò tí ó wà ní òdìkejì ọ̀nà ńlá, etí odò náà sì ni ẹgbẹ́ ọmọ ogun méjì ti dojú kọ ara wọn fún oṣù méje. Ìjà ti dáwọ́ dúró, ṣùgbọ́n àwọn àdó olóró tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ níbẹ̀ kò tíì gbọ́. Ọmọbìnrin kan ní kíláàsì kẹrin lọ pọnmi níbẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí ilé ẹ̀kọ́ kọ́kọ́ wọlé padà. Ọ̀pá ni ó fi ń rìn báyìí. Igba ọmọ ó lé mẹ́fà ni ó ń mu nínú kànga yìí. Ó ku ọjọ́ mọ́kànlá kí wọ́n tó gba omi sínú ìgò kẹta.

Màmá Láàbù kì í ṣe ọ̀mọ̀wé nípa omi. Fún ọdún mẹ́tàlélógún, òun ni ó ń fọ ìgò, tí ó ń nu tábìlì, tí ó sì ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ yàrá sáyẹ́ǹsì nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ náà ṣì ní girama. Ibẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ ti wá. Àwọn olùkọ́ sáyẹ́ǹsì wá, wọ́n lọ, òun kò lọ. Ó fi etí kọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni kò jókòó kọ́ ọ. Nígbà tí àwọn elétò ìrànwọ́ gbẹ́ kànga lẹ́yìn ìjà, òun nìkan ni ó ka ìwé tí ó wà nínú páálí ẹ̀rọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kí àwọn yòókù tó fi páálí náà dáná. Nítorí náà ni wọ́n ṣe fi í ṣe alábòójútó kànga. Ó jẹ́ obìnrin tí kò ga, tí ó máa ń ká apá aṣọ rẹ̀ sókè bí ẹni tí ó fẹ́ fọ nǹkan nígbà gbogbo, tí kì í sì í tún ọ̀rọ̀ sọ fún ẹni tí ó ní etí.

Kò ṣòro láti mọ ibi tí ìdọ̀tí náà ti ń wá. Lẹ́yìn ògiri ilé ẹ̀kọ́, ilẹ̀ ga díẹ̀, ó sì da gẹ̀rẹ́ wá sọ́dọ̀ kànga. Orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yìí ni àwọn ọmọ ń ṣu sí. Bí òjò bá rọ̀, á gbé e wá, sìmẹ́ǹtì tí ó yí ẹnu kànga ká sì ti sán ní ẹ̀gbẹ́ kan. Ohun tí kò yé e ni ìdí rẹ̀. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tuntun mẹ́jọ wà ní ìsàlẹ̀ ọgbà, mẹ́rin fún àwọn obìnrin, mẹ́rin fún àwọn ọkùnrin. Ilẹ̀ wọn jẹ́ sìmẹ́ǹtì tí a dán, páànù orí wọn ń kọ mànà, omi àti ọṣẹ sì wà lẹ́nu ọ̀nà. Oṣù kan lẹ́yìn tí wọ́n parí wọn, orúkọ tí wọ́n tẹ̀ sára ọṣẹ náà ṣì hàn ketekete. Aláǹtakùn ti ta okùn sí igun ilẹ̀kùn karùn-ún, kò sì sí ẹni tí ó dí i lọ́wọ́.

Ó kó àwọn ọmọ jọ lórí ìlà ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì.

"Ilé tí wọ́n kọ́ sí ìsàlẹ̀ yẹn, ṣé àlejò ni wọ́n kọ́ ọ dè ni, àbí ẹ̀yin?"

"Àwa ni, mà!"

"Ta ló lọ síbẹ̀ lánàá?"

Gbogbo ọwọ́ lọ sókè, títí kan ọwọ́ ọmọ tí kò wá sílé ẹ̀kọ́ lánàá.

"Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀," ni ó wí. "Irọ́ yín ti ga jù yín lọ."

Bí ó bá mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, èsì kò ju méjì lọ: "Mo ti ṣe é nílé, mà," tàbí "Ìgbẹ́ kò gbọ̀n mí, mà." Ó fi olórí kíláàsì karùn-ún ṣọ́ àlàfo tí ó wà lára ògiri, èyí tí àwọn ọmọ ń gbà jáde. Ní ọjọ́ kejì, ó bá olórí kíláàsì fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ògiri, ó lóṣòó, ó sì ń kí i pé, "Ẹ káàárọ̀, mà." Ọ̀rọ̀ náà sú Màmá Láàbù. Ó wọ bàtà, ó lọ sí ọ́fíìsì omi.

Ọkùnrin tí ó ń rí sí ilé ẹ̀kọ́ wọn níbẹ̀ kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, àwọn ènìyàn sì ń pè é ní Ọ̀gá Fọ́ọ̀mù. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó fa àga fún un, ó gbọ́rọ̀ tán, ó sì mi orí.

"Màmá, àìmọ̀kan ni. Ìlanilọ́yẹ̀ ni àwọn ọmọ yẹn nílò." Ó ka àwòrán méjìlá fún un láti inú kọ́bọ́ọ̀dù, kí ó lẹ̀ wọ́n mọ́ ògiri. Ọmọ tí ó wà nínú àwòrán náà ń jáde láti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín, bí ẹni pé wọ́n fún un lẹ́bùn níbẹ̀.

"Ọ̀gá, àwọn ọmọ yìí mọ̀ ọ́n. Wọn ò kàn fẹ́ wọlé síbẹ̀ ni."

"Ẹ kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù."

"Apá wo?"

"Àkíyèsí mìíràn."

"Ìlà kan péré lẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀."

"Ẹ kọ ọ́ wẹ́wẹ́, mà."

Ó padà dé pẹ̀lú àwòrán méjìlá lábẹ́ apá, ó sì bá àbúrò rẹ̀ níwájú kíláàsì, tí ó ń kan ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì kan. Káfíńtà ni àbúrò náà, ìyá kan ni ó bí wọn, òun sì ni ó ṣe àwọn ilẹ̀kùn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ.

"Bóyá ilẹ̀kùn rẹ ló wúwo jù," ni ó wí, láìkí i.

Káfíńtà gbé òòlù kalẹ̀. "Ilẹ̀kùn mi? Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún márùn-ún á fi ìka kan tì í. Ẹ lọ wo irin tí mo fi sí i láti máa tì í. Kò sólè tó lè já a."

"Ta ló fẹ́ jí ìgbẹ́?"

"Ẹ̀yin náà kọ́ lẹ ní kí n fi irin síta? Ẹ ní ewúrẹ́ á wọlé. Ẹ ní bí ilé ẹ̀kọ́ bá ti ń parí, àwọn ará àdúgbò á sọ ọ́ di tiwọn."

Òótọ́ ni. Òun ni ó ní kí ó rí bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ni Káfíńtà sì ti ń ṣe láti ìgbà tí ó ti kọ́ṣẹ́, ìyẹn ni pé gbogbo ilẹ̀kùn tí ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ ni a máa ń tì láti ìta. Kò sí ẹni tí ó rí àléébù níbẹ̀ nínú àwọn méjèèjì.

Ní àkókò ìsinmi ọjọ́ tí ó tẹ̀lé e, ó rí ọmọ ọmọ rẹ̀ tí ó ń yọ́ lọ sí ibi àlàfo ògiri. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni ọmọbìnrin náà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ó ń gbé nítorí pé ìyá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní ìlú mìíràn, àwàdà tí ó sì wà láàárín wọn ni pé orogún ara wọn ni wọ́n.

"Orogún mi, níbo là ń lọ?"

"Ibì kan, Ìyá Àgbà."

"Ibì kan yẹn lórúkọ?"

Ọmọ náà wolẹ̀. Màmá Láàbù gbá a lọ́wọ́ mú, ó fà á gba iwájú gbogbo kíláàsì kọjá, ó sì tì í sínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kẹta. Kí ọmọ náà má baà sá jáde, ó pa ilẹ̀kùn dé, ó sì ti irin bọ ihò rẹ̀. Irin náà dún kà.

Ó dúró de igbe. Kò gbọ́ igbe. Kò gbọ́ ìró ẹsẹ̀, kò gbọ́ ẹkún, kò gbọ́ nǹkan kan. Nígbà tí ó pẹ́ díẹ̀, ìdákẹ́jẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í dà á láàmú, ó sì ṣí ilẹ̀kùn. Ọmọ náà ká jọ sí igun, ó ti tọ̀ sára, ọwọ́ méjèèjì ni ó sì fi bo ẹnu pinpin.

Màmá Láàbù mọ ọwọ́ yẹn. Òun ni ó kọ́ wọn.

Ní ọdún tí ó kọjá, ní òwúrọ̀ tí àwọn ọmọ ogun wọ àdúgbò, ọmọ mọ́kàndínlógún ni òbí wọn kò tíì rí ọ̀nà wá mú. Ó kó wọn sínú yàrá kékeré tí wọ́n ń kó èròjà sáyẹ́ǹsì sí, yàrá tí kò ní fèrèsé. Ó kọ́ wọn pé bí wọ́n bá ti gbọ́ ẹsẹ̀, kí olúkúlùkù fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. Ó ti irin láti ìta, ó fi àgádágodo kọ́ ọ, kí ẹni tí ó bá wò ó lè rò pé ẹrù lásán ni ó wà níbẹ̀, ó sì mú ìgbálẹ̀, ó ń gbá ọgbà kiri bí aláìmọ̀kan. Ọjọ́ méjì ààbọ̀ ni wọ́n lò. Garawa kan ni àwọn ọmọ fi ṣe ohun gbogbo nínú òkùnkùn. Àwọn ọmọ ogun gbọn ilẹ̀kùn náà wò lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n bá tiwọn lọ. Ọmọ mọ́kàndínlógún jáde láàyè. Láti ọjọ́ náà, àwọn òbí kì í jẹ́ kí ó tò bí ó bá wá ra nǹkan. Iwájú ni wọ́n ń sún un sí. Kì í fi ṣe fáàrí, ṣùgbọ́n ní ọkàn ara rẹ̀, ó gbà pé bí òun bá ti ṣe ohun kan tí ó dára láyé, ohun náà nìyẹn. Kò sí ẹni tí ó bi àwọn ọmọ léèrè bí inú yàrá náà ti rí. Òun náà kò bi wọ́n.

"Ṣé mo fẹ́ pa ọ́ ni?" Ohùn rẹ̀ le ju bí ó ti fẹ́ lọ.

"Rárá, mà."

"Ẹ̀mí yín ni mo gbà nínú yàrá yẹn!"

"Mo mọ̀, Ìyá Àgbà."

"Kí ló wá dé nígbà náà?"

Ọmọ náà wo irin tí ó wà lára ilẹ̀kùn. "Ó dún bákan náà. Ó tún ṣókùnkùn. Ó sì ń rùn bíi ti garawa yẹn."

"Àwọn tí kò sí níbẹ̀ ńkọ́? Igba ọmọ kọ́ ni mo tì mọ́lé."

"A sọ fún wọn."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún èmi?"

"Olùkọ́ àgbà ní tí a bá ti rí yín, 'Ẹ ṣeun' ni ká máa sọ."

Inú bí Màmá Láàbù, kò sì rí ẹni tí yóò dojú rẹ̀ kọ. Bí ó bá jẹ́ ìwà burúkú ni ó hù, ì bá mọ bí a ti ń bẹ̀bẹ̀. Ta ni í bẹ ènìyàn nítorí pé ó gbà á là? Ó fọ ọmọ náà, ó pààrọ̀ aṣọ fún un, ó sì dá a padà sí kíláàsì. Lẹ́yìn náà, ó tún bàtà wọ̀.

"Irin mẹ́jọ péré ni mo fẹ́ yọ," ó sọ fún Ọ̀gá Fọ́ọ̀mù, ó sì ṣàlàyé ìdí rẹ̀ láìfi nǹkan kan pamọ́.

Ọ̀rọ̀ náà wọ ọkùnrin náà lára. Ó hàn lójú rẹ̀. Síbẹ̀ ó ṣí fáìlì. "Màmá, wọ́n ti gba iṣẹ́ yẹn wọlé. Wọ́n ti ya àwòrán rẹ̀. Tí ilẹ̀kùn bá yí padà, kò ní bá àwòrán mu mọ́. Ẹ ó kọ̀wé sí olú ọ́fíìsì."

"Ìgbà wo ni wọ́n máa dáhùn?"

"Bí wọ́n bá yára, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta."

"Ó ku ọjọ́ mẹ́jọ kí ẹ gba ìgò kẹta. Ẹ sún un síwájú fún wa."

"Ọjọ́ ìgò ti wà nínú ètò, mà."

"Ṣé ètò yẹn ló máa lọ pọnmi létí odò?"

Ọkùnrin náà fún un ní bébà tí yóò fi kọ̀wé. Màmá Láàbù kọ lẹ́tà náà níbẹ̀ ní ìdúró, ó fi í lé e lọ́wọ́, ó sì gba ọ̀dọ̀ àbúrò rẹ̀ lọ. Káfíńtà kọ́kọ́ rò pé àwàdà ni.

"Ẹ̀gbọ́n mi, iṣẹ́ ọwọ́ mi lẹ fẹ́ bàjẹ́ yìí. Gbogbo ìlú ló mọ̀ pé èmi ni mo ṣe é."

"Gbogbo ìlú ò mọ̀ pé èmi ni mo ní kí o ṣe é bẹ́ẹ̀. Gbé àpótí iṣẹ́ rẹ."

"Wọ́n á mú wa."

"Èmi ni wọ́n máa mú. Ìwọ á máa gbé oúnjẹ wá. Ó yá."

Wọ́n ṣe é ní ọ̀sán gangan, lójú gbogbo kíláàsì. Ó fẹ́ kí àwọn ọmọ rí i. Káfíńtà yọ irin kọ̀ọ̀kan, ó ń fajú ro, ó sì ń rọra fi súkúdíráfà tú ìdè wọn bí ẹni tí ó ń yọ eyín fún ọmọ ara rẹ̀. Ó rẹ́ ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ méjì kúrò lókè ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé. Ní inú, ní ibi tí ọwọ́ ọmọ ọdún márùn-ún lè dé, ó kan igi pẹlẹbẹ kan tí a lè yí sọ́tùn-ún láti ti ilẹ̀kùn, kí a yí i sósì láti ṣí i. Ó fi pákó ṣe géètì kékeré sí iwájú gbogbo rẹ̀ nítorí ewúrẹ́. Òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dí ibi tí sìmẹ́ǹtì ti sán lẹ́nu kànga. Fún ọjọ́ méjì, àwọn olùkọ́ bá Màmá Láàbù fi ṣọ́bìrì họ orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, wọ́n sì gbẹ́ kòtò jíjìn sí ìsàlẹ̀ ọgbà, wọ́n ri ìgbẹ́ náà mọ́ ọn. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n fa omi kànga dànù láti òwúrọ̀ títí apá olùkọ́ mẹ́ta fi kọṣẹ́.

Síbẹ̀ àwọn ọmọ kò wọlé. Ní ọjọ́ kìíní, méjì ṣí ilẹ̀kùn, wọ́n yọjú, wọ́n pa á dé. Ní ọjọ́ kejì, Màmá Láàbù bá ìgbẹ́ tuntun lórí ilẹ̀ tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ họ, ó sì jókòó sórí òkúta, ó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ọmọ ọmọ rẹ̀ ni ó wá bá a níbẹ̀.

"Ìyá Àgbà, mo lè lọ."

"Ta ló dá ọ dúró?"

"Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ní láti dúró síta. Kì í ṣe lẹ́nu ilẹ̀kùn o. Ọ̀ọ́kán díẹ̀. Kí n lè máa rí ẹsẹ̀ yín lábẹ́ rẹ̀."

"Ṣé mo wá di ọlọ́pàá ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nìyí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ó dúró. Ọmọ náà wọlé, ó yí igi, ó yí i padà, ó tún yí i, bí ẹni tí ó ń dán kọ́kọ́rọ́ wò. Nígbà tí ó jáde, ó fọ ọwọ́, ó sì lọ sọ fún ẹlòmíràn. Ní ọjọ́ kẹta, àwọn mẹ́sàn-án tò sórí ìlà. Ní ọjọ́ kẹrin, Màmá Láàbù kò lè kúrò níbẹ̀ ní gbogbo àkókò ìsinmi, ẹsẹ̀ ń ro ó, ó sì ń ráhùn sí gbogbo ẹni tí ó bá kọjá.

Wọ́n gba omi ìgò kẹta ní ọjọ́ tí ó wà nínú ètò. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, Ọ̀gá Fọ́ọ̀mù wá, ó gbé ìgò náà sókè sí ojú fèrèsé, ó sì rí àwọn igi ìta ketekete láti inú rẹ̀.

"Ó mọ́," ni ó wí, inú rẹ̀ sì dùn ní tòótọ́. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó fi òǹtẹ̀ lù ú: wọn kò ní ti kànga. Lẹ́yìn náà ni ó rìn lọ sí ìsàlẹ̀ ọgbà láti wo àwọn ilé ìgbọ̀nsẹ̀, nígbà tí ó sì padà, fọ́ọ̀mù mìíràn wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Màmá, mo ní láti kọ ọ́. Ohun ìní tó bàjẹ́: irin mẹ́jọ, ilẹ̀kùn mẹ́jọ. Kí ni mo máa fi sí ìdí rẹ̀? Wọ́n ti to àwọn ìdí síbí. Ìjì, olè, iná, ogun."

"Èmi ni mo yọ ọ́."

"'Èmi' ò sí níbí, mà."

"Nítorí pé mo ti àwọn ọmọ mọ́lé lọ́dún tó kọjá ni wọn ò ṣe lè wọ̀ ọ́. Mo ti sọ fún yín. Mo ti kọ ọ́ sínú lẹ́tà."

"Lẹ́tà yẹn ò tíì kúrò lọ́dọ̀ wa." Ó wo bébà, ó wo ojú rẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká mú ogun."

"Ogun kọ́ ló gbé súkúdíráfà. Ẹ kọ 'èmi'."

Ó mi orí, ó sì fi àlàfo náà sílẹ̀ láìkọ nǹkan kan. Ó wá sọ ìyókù pẹ̀lú ohùn kékeré: títí olú ọ́fíìsì yóò fi dá sí ọ̀rọ̀ náà, kò gbọdọ̀ jẹ́ alábòójútó kànga mọ́. Ó ní òun yóò nílò kọ́kọ́rọ́ ẹ̀rọ. Màmá Láàbù tú u kúrò ní ìdí aṣọ rẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì, ẹnu rẹ̀ sì kún fún ohun tí ì bá sọ. Agogo ìsinmi dún kí ó tó bẹ̀rẹ̀.

"Màmá, ẹ jókòó, a ò tíì parí," ni Ọ̀gá Fọ́ọ̀mù wí.

"Ẹ máa kọ ọ́ lọ. Wọ́n ń dúró dè mí."

Ó sọ̀kalẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ ọgbà. Àwọn ọmọ ti tò débi géètì, wọ́n ń ti ara wọn, ẹni méjì sì ń jà lórí ẹni tí ó ṣáájú. Ó pín wọn, ó gba ipò rẹ̀ ní ọ̀ọ́kán díẹ̀, níbi tí wọ́n ti lè rí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ilẹ̀kùn mẹ́jọ pa dé. Igi mẹ́jọ yí.

"Màmá, ṣé ẹ wà níbẹ̀?" ohùn kan wá láti inú ìkejì.

"Mo wà níbí."

"Màmá, ṣé ẹ ò lọ?" láti inú ìkẹfà.

"Mo ní mo wà níbí. Ẹ ṣe kíá, ẹsẹ̀ ń dùn mí."